Ta Ni Yóò Ní Kí Ìyá Ìyàwó Máa Lọ?

Ajẹ́ńtì tó ń bá èèyàn wá físà jókòó sórí àga àwọn oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, ó na ẹsẹ̀ bí ẹni tó ni ilé. Ó ní kí n lọ gba pásípọ́ọ̀tù tuntun, kí n sọ pé ti àtijọ́ sọnù, kí n sì sọ pé mi ò dé òkè òkun rí láyé mi.

"Ìyá, wọn ò lè mọ̀," ló wí.

"Wọ́n tẹ ìka mi nígbà yẹn. Ṣé ìka mi náà ni kí n sọ pé ó sọnù?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Mo ní kó dìde lórí àga mi, nítorí oníbàárà fẹ́ jókòó. Ẹnu ẹ̀ dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní fi irọ́ wá ọ̀nà lọ sọ́dọ̀ ọmọ tí mo fi òótọ́ bí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin ni, òkè òkun ló sì ń gbé pẹ̀lú ọkọ ẹ̀. Nígbà tó bí àkọ́bí ẹ̀, mo gba físà àbẹ̀wò, mo lọ bá a gbé ọmọ. Wọ́n kọ ọdún méjì sára físà náà, èmi sì rò pé ọdún méjì ni mo lè lò. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó lu òǹtẹ̀ fún mi ní bodè ti kọ oṣù mẹ́fà péré síbẹ̀, ìkọ̀wé jákujàku tí èèyàn ò lè kà. Èmi ń wẹ ọmọ, mò ń fọ aṣọ, mò ń se oúnjẹ. Àti pé níbo ni wọ́n ti ń ṣe é, kí ìyá dìde kó ní òun ń lọ nígbà tí àwọn onílé ò tíì ní ó tó gẹ́ẹ́? Mò ń retí kí wọ́n sọ̀rọ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mò ń padà bọ̀ wálé, lẹ́yìn ọdún kan ó lé, ni wọ́n tó sọ fún mi ní pápákọ̀ òfurufú pé mo ti di arúfin.

Oyún kejì ló wá gbé ọ̀rọ̀ náà dìde. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbé ọmọ yìí jáde, ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi sì ń ru. Ọkọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ mi pè mí lórí fóònù. Kò sunkún, ó kàn ní, "Mọ́mì, ẹ̀rù ń bà mí." Ọmọ tí kì í sọ irú ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fi àáké kọ́rí pé mo gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Mo bẹ̀rẹ̀ fún físà, wọ́n kọ̀. Mo padà lọ, wọ́n tún kọ̀. Àwọn oníbàárà mi ní kí n gba kámú. Mo ní kì í ṣe kámú ni mo lọ gbà. Ohun kan náà ni mò ń sọ fún wọn: mo pẹ́ jù, mi ò mọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ìgbà kẹta ni wọ́n tó fún mi, wọ́n sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá wà ní bodè ló máa sọ bóyá màá wọlé tàbí màá padà sẹ́yìn.

Iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la nígbà tí mo gúnlẹ̀. Obìnrin kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù mú mi wọ yàrá kékeré kan tí kò ní fèrèsé, tábìlì kan, àga méjì. Mo gbọ́ èdè wọn dáadáa, bí mi ò tilẹ̀ lè fi ṣàwàdà.

"Kí ló dé tí ẹ fi pẹ́ nígbà yẹn?"

"Mi ò mọ ọjọ́ tó yẹ kí n lọ."

"Kò sí ẹni tó sọ fún yín nínú ilé?"

"Kò sí ẹni tó mọ̀."

Ó gbé fóònù, ó pe ọkọ ọmọ mi tó ń dúró dè mí níta, ó sì jẹ́ kí èmi náà máa gbọ́. Ó bi í bóyá ó mọ̀ nígbà náà pé ọjọ́ mi ti pé. Mo ti fẹ́ bá a dáhùn pé rárá.

"Mo mọ̀," ni ọkọ ọmọ mi wí.

Ọmọkùnrin tí mò ń fi gbogbo ẹnu ṣàdúrà fún nìyẹn!

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ?"

"Ìyá ìyàwó mi ni. Báwo ni mo ṣe máa dúró níwájú wọn kí n ní kí wọ́n máa lọ? Wọ́n máa ní mo lé àwọn ni. Mo sọ fún ìyàwó mi, òun náà ní kí n jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Obìnrin náà wò mí bí ẹni tó rò pé àwa méjèèjì ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. "Tó bá sọ ọ́ nígbà yẹn ńkọ́?"

"Màá bínú," mo dáhùn. "Mi ò ní bá a sọ̀rọ̀ fún ọdún kan. Ẹ̀rù tó bà á, kò parọ́ nínú ẹ̀."

Ó tẹ̀ síwájú sídìí fóònù. "Tí mo bá fún wọn lọ́jọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ṣé ẹ máa lè sọ ọ́ fún wọn?"

Ariwo àwọn tó ń kọjá lẹ́yìn ẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Wọ́n fẹ́ la ọmọ mi níkùn, ọkọ ẹ̀ ń tijú.

"Bàbá ọmọ," mo pè é, "dá wọn lóhùn. Tí o ò bá lè ní kí n jáde, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé."

"Màá sọ ọ́," ló wí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni obìnrin náà fún mi. Ó kọ ọjọ́ náà gàdàgbà, ó ní kí n kà á sókè kí òun gbọ́.

Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọmọbìnrin ló bí, inú àlàáfíà ni ọmọ wà, ṣùgbọ́n ìyá ẹ̀ pàdánù ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta ń parí lọ, ògiri ló ṣì ń dì mú rìn. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ dúró. Ta ló máa mọ̀?" Èmi ti di ẹrù mi, mo ti tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n mi ò sọ nǹkan kan. Ọkọ ẹ̀ ni mò ń dúró dè. Ẹ lè pè é ní ìkà. Ẹnu ẹ̀ ló fi gbà mí wọlé, ẹnu ẹ̀ náà ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ pé kí n máa lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi, ó bá mi nínú kíṣìnì, ó dọ̀bálẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ má bínú."

"Mi ò tíì bínú. Sọ̀rọ̀."

"Ọ̀la ni kí ẹ máa lọ."

Òógùn bo gbogbo iwájú orí ẹ̀. Kí n má parọ́, mo mọ̀ pé òun ló tọ́, síbẹ̀ ó dùn mí bí ẹni pé wọ́n lé mi. Mo pa iná ìdáná, mo ní kó dìde, mo ní ó káre.

Ọmọ mi ti gbọ́ láti yàrá, ó ti bú sẹ́kún. Mo lọ sùn tì í, a fi ọmọ sáàárín.

"Tí mo bá dúró báyìí," mo sọ fún un, "lọ́jọ́ mìíràn tí ẹ̀rù bá tún bà ẹ́, orí fóònù nìkan ni màá ti máa gbọ́ ẹ."

Ó di ọwọ́ mi mú, kò jọ̀wọ́ ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, títí ọkọ ẹ̀ fi wá sọ pé mọ́tò ti dé. Èmi fúnra mi ni mo gba ọwọ́ mi lọ́wọ́ ẹ̀.