Eyín Tó Gbéra

Ọ̀kadà ló gbé Àdíját ṣubú ní Ìkòtún, eyín iwájú rẹ̀ sì yọ dànù. Kéwú ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹnu rẹ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Olúwadọ̀tun, dókítà eyín, wá ri irin kékeré méjì bọ egungun abẹ́ erìgì rẹ̀. Wọ́n dúró títí egungun fi di irin náà mú ṣinṣin.

Nígbà tí eyín tuntun dé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rọ ọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, odidi kan tí wọ́n so pọ̀, Dókítà gbé e lé orí irin méjèèjì. Ó jókòó pẹ́sẹ́. Inú Àdíját dùn, torí ọ̀la gan-an ni wòlímọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó parí Kùránì.

Ṣùgbọ́n Dókítà kò tíì gbà. Ó de nọ́ọ̀tì tó ń di eyín mọ́ irin ní apá ọ̀tún nìkan, ó wá tẹjú mọ́ apá òsì. Àdíját náà ń wò ó nínú dígí.

"Dókítà, àbí ojú mi ni? Ó dà bíi pé òsì gbéra."

"Ojú yín ò tàn yín, mà. Ó gbéra."

"Báwo ló ṣe ga tó?"

"Irun orí nípọn jù ú lọ."

"Ẹ kúkú de òsì náà, kó wálẹ̀, jàre!"

"Yóò wálẹ̀ o. Ṣùgbọ́n eyín àbímọ́ máa ń mì díẹ̀ nínú ẹran rẹ̀. Irin yìí ti lẹ̀ mọ́ egungun, kò níbi tó fẹ́ yẹ̀ sí. Tí mo bá fipá dè é, á máa fà á tọ̀sán-tòru, títí nọ́ọ̀tì á fi tú tàbí kó kán."

Àdíját ronú díẹ̀. "Ẹ tú ọ̀tún, kẹ́ ẹ de òsì nìkan, kí n wò ó."

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀tún ló gbéra.

"Níbo ló ti ṣì?"

"Mi ò tíì mọ̀. Bóyá nígbà tí mo ń gba àwòṣe ẹnu yín. A máa gé e láàárín, kí n gbé ìdajì kọ̀ọ̀kan sáyè rẹ̀, kí n lẹ̀ wọ́n pọ̀ nínú ẹnu yín, kí wọ́n tó jó o pọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ṣùgbọ́n kò ní bá ọ̀la mọ́."

"Ẹ gé e."

Erìgì lásán ló gbé lọ síbi wòlímọ̀. Hamdalah, àbúrò rẹ̀, bínú: "Nítorí ohun tó tín-ín-rín ju irun lọ?" Àdíját gbé rúlà kan tó wọ́ lé orí ife méjì, ó tẹ ìpẹ̀kun kan mọ́ ife, ìpẹ̀kun kejì sì dìde. Hamdalah gba rúlà náà, òun náà ń tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n tún gbé eyín náà dé, Dókítà de ọ̀tún nìkan. Òsì ò mira. Ó tú u, ó de òsì nìkan. Ọ̀tún ò mira.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún dè é lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Àdíját wí, dígí lọ́wọ́ rẹ̀. "Mi ò tíì wò ó tẹ́rùn."