Ohun Tó Tàn Lọ́fun Mi

Tóyìn, jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá mọ́jú fún ọ. Nọ́ọ̀sì gún mi lábẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ kí kókó ọ̀fun mi yìí tàn nínú fọ́tò, mo wá dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Kókó kọ́ ló tàn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé mì látìgbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti wá kí wa tí wọn ò lọ mọ́ ló ń tàn yòò. Dókítà ń kà á sókè: “Àǹtí, ìgbà wo lẹ ń padà sílé ọkọ yín?” Ni Àǹtí bá yọ awò ojú dókítà, wọ́n ní àwọn á ka ìyókù fúnra àwọn. Ibẹ̀ ni mo ta jí.

Òní gan-an ni fọ́tò ọ̀hún. Àǹtí ti múra láti sìn mí lọ, wọ́n ń wá awò wọn káàkiri ilé. Mo jókòó lé e.