Ẹgbẹ̀rún Òròmọdìẹ Lẹ́nubodè

Òròmọdìẹ kẹtàlá kú mọ́ Ìyá Àgbà lọ́wọ́ níbi tó ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Ó gbé e sílẹ̀, ó pòṣé, ó tún fi orúnkún tó ń dún kẹ́kẹ́ gòkè sẹ́yìn ọkọ̀. Páálí mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, ọgọ́rùn-ún òròmọdìẹ ọjọ́ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ya ẹnu, wọ́n ń mí hẹlẹ. Ebi kọ́, oúnjẹ tí wọ́n bá wáyé láti inú ẹyin ṣì wà níkùn wọn. Ooru ni. Ọkọ̀ tó bá ń rìn, atẹ́gùn ni. Ọkọ̀ tó bá dúró, ààrò ni.

Láti aago méje ni tiwọn ti dúró. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí orílẹ̀-èdè méjèèjì ti ń bára wọn jà, tí wọ́n ta okùn dí títì lẹ́nubodè. Ìyá Àgbà rò pé ìyẹn ò kan adìẹ. Ní òdìkejì okùn, oníbàárà rẹ̀ ti gbé ọkọ̀ akẹ́rù tirẹ̀ wá pàdé rẹ̀, ó kàn ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ẹni tó ń rì sómi.

Ẹ̀bi òun náà sì wà níbẹ̀. Láàárọ̀, níwájú àwọn ọmọ abẹ́ ọ̀gá aṣọ́bodè, ó ti là á mọ́ ọkùnrin náà lójú pé ikùn rẹ̀ tóbi ju ọpọlọ rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, ọ̀gá ò bojú wo apá ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Obìnrin tó ti ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin di òròmọdìẹ fún ọgbọ̀n ọdún ló yẹ kó mọ̀yẹn ju gbogbo ayé lọ.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ń bọ̀ láti ibi ìwé àṣẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì. Àjọṣe orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè lọmọ náà ń kọ́ ní yunifásítì. Dókítà ń wo aláìsàn, lọ́yà ń rojọ́. Èyí, kí ló ń wò? Ańbásádọ̀ ni gbogbo ẹbí fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀.

"Ańbásádọ̀, ṣé ìdánwò lò ń kàwé fún ni? Adìẹ ń kú!"

"Ìyá Àgbà, kí lẹ fẹ́ sọ fún ọ̀gá yẹn báyìí?"

"Ìyókù ọ̀rọ̀ ikùn náà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e mì. Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀ níbi táwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ò ti ní gbọ́."

Ó lọ. Ìyá Àgbà yọ́ tẹ̀ lé e, ó fara ti ògiri bí olè adìẹ.

"Ẹ káàsán, sà. Mi ò wá bẹ̀ yín pé kí ẹ tú okùn."

"Kí lo wá ṣe nígbà náà?"

"Àṣẹ ní ọkọ̀ kankan ò gbọdọ̀ kọjá. Tí tiwa bá kọjá, iṣẹ́ yín ló máa bá a lọ. Ẹ má jẹ́ kó kọjá."

Ìyá Àgbà fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ọmọ tí òun fẹjọ́ lé lọ́wọ́ ló ń dá òun lẹ́bi yìí!

"Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ wa bá fi ẹ̀yìn kan okùn, tí ti ọ̀hún náà fi ẹ̀yìn kàn án, ọwọ́ èèyàn ló máa gbé páálí. Ọkọ̀ ò kọjá."

Ọ̀gá wo òdìkejì okùn. "Mi ò lè kọ́kọ́ pè wọ́n. Wọ́n á ní àwa la bẹ̀."

"Ẹ má pè wọ́n. Ẹ kàn jẹ́ kí ọkọ̀ wa yí ẹ̀yìn padà. Bí wọ́n bá yí tiwọn, kò sẹ́ni tó bẹ ẹnì kan."

"Ìyá yẹn bú mi níṣojú àwọn ọmọ mi."

"Níṣojú wọn náà ni wọ́n á ti bẹ̀ yín, sà."

Ìyá Àgbà gbé ìyókù ọ̀rọ̀ ikùn náà mì. Ó yọ síta, ó kúnlẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná níwájú gbogbo wọn. "Ọ̀gá, ẹ foríjì mí. Ọpọlọ yín ló tóbi ju ikùn yín lọ. Mo yí wọn pa dà ni." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọ̀gá kó tó rántí pa á mọ́. Ó juwọ́ sí awakọ̀.

Ọkọ̀ fi ẹ̀yìn rìn, ó kan okùn, ó dúró. Lọ́hùn-ún, àwọn aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè kejì gbé ìbọn kọ́ apá, wọn ò mira. Oníbàárà ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ tirẹ̀ láìgbàṣẹ. Ìṣẹ́jú kan. Márùn-ún. Ariwo inú páálí ń lọ sílẹ̀. Ìyá Àgbà di etí ìró rẹ̀ mú, kò sọ nǹkan kan, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ọ̀gá wọn lọ́hùn-ún mi orí lẹ́ẹ̀kan pé ó gbà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ oníbàárà húkọ́, òun náà fi ẹ̀yìn kan okùn.

Páálí kọjá lórí okùn lọ́wọ́dọ́wọ́, láìsí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ìkẹwàá lọ, Ìyá Àgbà bá ọmọ náà lẹ́yìn ọkọ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ pé wọ́n á yí tiwọn?"

"Kò sẹ́nì kankan, Ìyá Àgbà."

Nídìí okùn, àwọn ọ̀gá méjèèjì ò tíì wọlé. Iṣẹ́ ti tán, wọ́n ṣì dúró.

"Ọmọ yín tí ara rẹ̀ ò yá ńkọ́?" èyí ọ̀hún bi èyí ìhín.

"Ó ti ń rìn. Ìyàwó yín ńkọ́?"

Awakọ̀ nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Ìyá Àgbà gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Dúró ná," ó rọra wí, ní ohùn tí òun gan-an ò mọ̀ pé òun ní. "Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán."