Èèpo Ẹ̀gúsí Lórí Kọ̀ǹpútà

Àbúrò mi, mo lá àlá kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Kọ̀ǹpútà tí èmi àti ìyàwó mi olóògbé jọ ń lò ló ń kéde ètò tuntun tí yóò gbà láìpẹ́. Ó ń ṣàlàyé bí olùkọ́: yóò máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, yóò máa dá ojú wa mọ̀, yóò sì máa yọ orúkọ ẹni tí kò bá lò ó mọ́. Ìyàwó mi jókòó tì mí, ó ń bó ẹ̀gúsí, èèpo rẹ̀ ń dà sórí àwọn bọ́tìnnì títí ó fi bo gbogbo wọn. Kò yà mí lẹ́nu.

Kọ̀ǹpútà bi mí pé, "Ṣé kí n yọ orúkọ ìyàwó rẹ?"

Mo ń wá bọ́tìnnì "Rárá," n kò rí i. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Tóyìn, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí ẹ kà yìí, bọ́tìnnì kan ṣoṣo lẹ ò rí? Ẹ fẹnu fẹ́ èèpo yẹn dànù, jàre."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi gbogbo agbára mi fẹ́ ẹ. Mo jí, mo ṣì ń fẹnu fẹ́ ìrọ̀rí ìyàwó mi.