Omi Kànga Kọ́ Ló Jẹ Eyín Arap Sigilai

Ìró agolo ló ń jí mi láràárọ̀. Ọkọ mi, Arap Sigilai, á tẹrí bọ inú agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, á máa pọ omi kíkan tó ti ikùn gòkè wá sí i lọ́fun. Ó ń fà bí ikun ìgbín. Tíì tó ṣì ń hó ló fi ń ti ìyókù padà sísàlẹ̀. Èmi ni mò ń da agolo náà nù, ọwọ́ kan ní imú.

Eyín rẹ̀ ló tún wá rí mi lára jù. Ní apá tiwa ní Bomet, kò sẹ́ni tí eyín rẹ̀ funfun. Omi kànga ló ń kùn ún, á pọ́n bí irin tó dípẹtà. Nítorí náà, ohun yòówù tó bá ṣe eyín, gbólóhùn kan náà ni: "Omi ni." Ṣùgbọ́n ti Arap Sigilai ń tín-ín-rín. Ẹ̀yìn eyín òkè rẹ̀ ti jẹ wọnú bí ṣíbí, etí rẹ̀ sì ń kán wẹ́wẹ́. Mo ti he èérún kan rí nínú òkèlè tó ṣẹ́kù sílẹ̀ fún mi. N kò jẹun títí ilẹ̀ fi mọ́.

Chesang, ọmọ wa obìnrin, wálé láti Kericho. Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i, ọmọ fà sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ yanu kí n wò ó."

"Ṣé màlúù tí o fẹ́ rà ni mí?"

"Màlúù kì í rùn báyìí. Ẹ dákun, omi a máa kun eyín ni, kì í jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

"Omi ni, mo ní! Wo ti ìyá rẹ."

"Tèmi pọ́n," ni mo wí, "kò tíì já sínú oúnjẹ ẹnikẹ́ni."

Ó tutọ́ sínú agolo. Ọ̀rọ̀ parí.

Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kí i. Mo gbé kèrègbè wàrà kíkan jáde, èyí tí a fi èédú kun inú rẹ̀ kó lè ta sánsán, wọ́n ń gbé e yí ká. Ó kan Arap Sigilai. Ó gbé e mì, ó ṣe háà, wàrà náà padà tòun ti ikun sẹ́nu kèrègbè. Arap Kirong, tó kàn lẹ́yìn rẹ̀, yọjú wò ó.

"Sigilai, o mu tìrẹ tán, o tún ń pọ̀ ọ́ fún wa? Ṣé ọmọ ẹyẹ ni wá ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan kèrègbè náà mọ́. Mo dà á fún ajá, ajá gbóòórùn rẹ̀, ó kọjá lọ. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló ní kí n pe Chesang.

Ní ọsibítù, oníṣègùn eyín fi dígí kékeré wò ó. "Omi ló kun iwájú, Bàbá. Ẹ̀yìn yìí, omi kọ́. Omi kíkan inú yín ló bó awọ líle ara eyín. Ó ti pẹ́ tó ti ń gòkè?"

"Ó pẹ́."

"Kì í ṣe gbogbo ẹni tí eyín rẹ̀ rí báyìí ló ní jẹjẹrẹ o. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ eyín lè ti jó ọ̀fun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó lónìí."

Wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí bọ̀ ọ́ lọ́fun. Kókó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ọ̀nà pa. Jẹjẹrẹ ni.

Chesang bi dókítà bóyá omi kíkan yẹn ló fà á. "Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà," ni dókítà wí. "Tíì gbígbóná náà wà níbẹ̀. Ká ní ẹ ti tètè wá ni..."

Láyé ìgbà tiwa, wọ́n máa ń yọ eyín ìsàlẹ̀ méjì lẹ́nu ọmọ, pé bí àìsàn bá dì í lẹ́nu pa, kí wàrà lè gba ibẹ̀ wọlé. Àlàfo náà wà lẹ́nu Arap Sigilai. Ibẹ̀ ni mo ń gbà fún un ní wàrà tútù nígbà tí kò lè gbé nǹkan mì mọ́. Wàrà wọlé, ó dé ọ̀fun, ó padà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ti lọ́ wọ́ọ́wọ́, pẹ̀lú òórùn agolo yẹn gan-an. Ó ń wo ojú mi.

Mo nu ọwọ́ mi, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo tún bu ṣíbí mìíràn.