Káàdì Orí Pẹpẹ

Amudat, aláṣọ tó ń gbé ojú Ibo Road ní Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò ní Àríwá, ló kọ́kọ́ sọ fún mi bí Salome ṣe dúró láìwọ bàtà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tó ń wo àwo tí káàdì ìdìbò rẹ̀ wà nínú rẹ̀, bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tó ń wo omi kànga láìsí okùn. Amudat fúnra rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Mùsùlùmí ni, kò fẹ́ wọlé, kò sì fẹ́ fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ ìbò ààrẹ ni, lọ́dún 1979. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ṣáájú, Wòlíì Akínladé ní kí gbogbo ìjọ kó káàdì wọn wá kí òun gbàdúrà sí i. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìdí. Àwọn tó wà ní Sabon Gari nígbà ìpakúpa ọdún 1966 mọ ohun tí ọ̀rọ̀ òṣèlú lè dà. Wòlíì gbé àwo káàdì náà sórí pẹpẹ, ó fi màrìwò bò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ ìbò, àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti fòróró yàn wọnú ọgbà kékeré tó yí pẹpẹ ká, wọ́n mú tiwọn àti tàwọn ọkùnrin yòókù, wọ́n lọ. Wòlíì náà gba àdúgbò Brigade lọ láti gbàdúrà fún aláìsàn kan. Nínú ìjọ yìí, obìnrin kì í kọjá ọgbà yẹn, ìbáà jẹ́ ìyá ìjọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú un," Salome bẹ̀bẹ̀.

Bàbá Ògúnlànà tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyá Yínká, ẹnu ọgbà yìí ni ìgbálẹ̀ mi ń mọ. Wọn ò fòróró yàn mí. Ẹ dúró de Wòlíì."

"Wọn ò ní pẹ́ pa àpótí dé."

"Wòlíì á ti dé."

"Láti Brigade?" Amudat ké láti ẹnu ọ̀nà. "Haba, Bàbá! Bí Wòlíì yín bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà, aláìsàn á ti sùn kó tó ṣàmín!"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Bàbá, ó gbé e mì. "Ẹ̀yin tí ẹ ti dìbò, ẹ máa ṣẹ̀fẹ̀."

Lóòótọ́, tàdáwà ìdìbò ṣì wà ní àtàǹpàkò Amudat.

Salome kò rẹ́rìn-ín. Oòrùn ti ń rọ̀ lọ sí apá France Road. Nígbà ìbò àtijọ́, omi ló máa ń gbé lọ fún ọkọ rẹ̀ lórí ìlà, nítorí obìnrin kì í dìbò ní Àríwá nígbà náà. Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: àwọn ń dìbò, ẹ̀gbọ́n ń pọnmi. Àwọn ológun tó ní àwọn ń lọ yìí, ta ló mọ̀ bóyá wọn ò ní padà? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ó sọ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpótí ìbò kì í dúró de ẹ̀sọ̀.

"Bí mo bá wọ ibẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ni wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa jókòó. Wọ́n á sì bọ́ aṣọ akọrin lọ́rùn yín."

Ìyẹn dùn ún. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, orin tó ń kọ nínú ìjọ ló ń gbé e dìde lórí ẹní.

"Nítorí pé opó ni mí," ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ká ní mo lọ́kọ, ì bá ti bá mi mú un."

Bàbá tún mú ìgbálẹ̀ rẹ̀.

Salome kúnlẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí Amudat kò gbọ́. Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn ọgbà, ó wọlé. Bàbá fọwọ́ bojú.

Ó ká màrìwò kúrò. Káàdì tó wà lókè kì í ṣe tirẹ̀. Ó ka orúkọ náà díẹ̀díẹ̀: Beatrice, ìyàwó alàgbà. Ó mú òmíràn: Wùnmí, tí ọkọ rẹ̀ ń lu agogo ìjọ. Olúfúnlọ́lá. Rẹ́bẹ́kà. Ó rí tirẹ̀ láàárín wọn, síbẹ̀ ó tú wọn dé ìsàlẹ̀ àwo. Kò sí orúkọ ọkùnrin kan níbẹ̀.

Ó wo ojú fèrèsé, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń pọ́n. Ó dá káàdì tirẹ̀ padà sáàárín àwọn yòókù, ó sì gbé àwo náà tòun tohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ìyá Yínká! Tiyín nìkan o!" Bàbá kígbe. "Kí ni kí n wí fún Wòlíì?"

Salome kọjá lára Amudat lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò rí i. Ilé Beatrice ló kọ́kọ́ dorí kọ, ó fi àwo mọ́ àyà, kò sì wẹ̀yìn.