Ìkòkò Ewé Ìyá Safwan

Ṣé kí n sọ ọ́ báyìí... àbí kí n jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó? Ta ni yóò jókòó! Tòmátì Ìyá Safwan, aládùúgbò ìyá ọkọ mi, nìyí níwájú mi, ó ti rọ, ó ti dúdú, àfi ebè kan ṣoṣo tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ti ìyá ọkọ mi wà lódìkejì, ó ń pọ́n bí ẹni pé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Má bínú, ìyàwó wa. Bóyá n ò se ewé náà jinná ni."

Ìyá Safwan ń bẹ̀ mí. Àgbàlagbà ń bẹ̀ mí! Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì.

Ewé wo? Kò séwé kankan níbẹ̀. Ohun tó bu ni — ohun funfun tó ń hù bí òwú, ìbátan olú, tí mo ń sìn nínú ìgò níbi iṣẹ́ ìwádìí wa. Oje tó fi ń lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ni mo fín sára tòmátì ìyá ọkọ mi, tí àrùn ò fi ráyè wọ̀ ọ́. Mo lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá mi títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ṣùgbọ́n ní abúlé Ìrókò níbí... "Oje ewé ni, mà," ni mo sọ fún wọn. Mo rò pé wọn ò ní jẹ tòmátì tí ohun tó bu ti kàn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún — tèmi ò tilẹ̀ rìn dé títì.

Ẹni tó bá gbọ́ pé ewé ni, ṣé kò ní já ewé? Wọ́n já a, wọ́n sè é, wọ́n bù ú wọ́n tòmátì wọn. Bóyá gbígbóná ni wọ́n... rárá. Má wá àwáwí. Kò sí oògùn níbẹ̀ ni.

Dúró ná. Lọ́jọ́ tí mo gbé ìgò náà wá, ṣebí Ìyá Safwan ṣí i, wọ́n gbóòórùn rẹ̀? "Ó ń rùn bíi láfún tó bu!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tìka bọ̀ ọ́, wọ́n nu ọwọ́ sáṣọ. Wọn ò fajú ro. Èmi lara mi bù máṣọ. Èmi ni mo sáré dáhùn pé ewé ni.

Ìyá Safwan, tí wọ́n ti ń ha láfún tó bu látìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọge! Kí ló fẹ́ kó wọn nírìíra níbẹ̀? Èmi ọmọ tíṣà, tó jẹ́ pé ohun tó bu ni mo fi ń jẹun — èmi ni ojú rẹ̀ ń tì. Mo wá gbé ìtìjú mi, mo fi dé wọn lórí.

Èéfín ti ń yọ lẹ́yìn ilé. Wọ́n tún ti gbé ewé kaná nítorí ebè tó kù... Wọ́n ní kí n wá wò ó bóyá ó ti jinná.